Àmì Tó Sọnù Nínú Àpilẹ̀kọ Àáfà Hàrúnà

Bí ẹnikẹ́ni bá tún gbé iṣẹ́ onítàn wá fún mi láti tẹ̀, màá ti ṣọ́ọ̀bù mi pa, màá padà sí Ọ̀mù-Àrán. Ọdún kọkàndínlógún rèé tí mo ti ń fi kọ̀mpútà tẹ ìwé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Tanke, nílùú Ìlọrin. Mo ti tẹ iṣẹ́ àwọn tó ń kọ́ nípa ilẹ̀, mo ti tẹ ti àwọn tó ń kọ́ nípa kòkòrò, mo tẹ ti ọkùnrin kan tó fi ọdún márùn-ún gbáko yẹ ìgbẹ́ ewúrẹ́ wò. Gbogbo wọn gba oyè wọn, wọ́n bá tiwọn lọ. Àwọn onítàn nìkan ni kì í lọ. Lónìí wọ́n á ní kí n yọ ìpínrọ̀ kan, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ wọ́n á ní kí n dá a padà síbi tó wà.

Ìbídùn ni orúkọ mi. N kò lọ sí yunifásítì, n kò sì ní dárúkọ èyí tí mò ń sọ yìí, torí ibẹ̀ ni oúnjẹ mi ti ń wá. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti tẹ àpilẹ̀kọ méjìlélógójì lórí ìtàn ti mọ nǹkan kan, ẹ má fojú di mí. Mo mọ̀ pé orí kejì ni àwọn òkú ti ń bá ara wọn jà. Lágbájá sọ báyìí ní ọdún yìí, Làkáṣègbè ní irọ́ ló pa, ẹnìkẹta dé, ó ní àwọn méjèèjì kò lóye ọ̀rọ̀. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn títí ojú á fi máa ro mí.

Nínú gbogbo wọn, Hàrúnà ló fojú mi rí màbo jù. Àáfà Hàrúnà là ń pè é, nítorí pé ó kéwú dáadáa, kì í ṣe pé ó ní mọ́ṣáláṣí. Abúlé kan lẹ́yìn Malete ni wọ́n ti bí i. Bàbá rẹ̀ ń gbin iṣu àti ọkà bàbà, ó sì ń sin ewúrẹ́. Láàárọ̀, Hàrúnà ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé gíga ní ìtàn láàrin ìlú. Bó bá di ọ̀sán, á wọ kẹ̀kẹ́ wá sí Tanke pẹ̀lú báàgì ọ̀rá tí ìwé kún inú rẹ̀ dẹ́nu. Àsmá'ù ìyàwó rẹ̀ ń ta ẹ̀wà ní ọjà Ìpàta. Obìnrin yẹn ti fẹ́ ẹ kó tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ yìí, ó ti bímọ mẹ́ta fún un láàrin rẹ̀, kò sì tíì rí ọjọ́ tí wọ́n máa pe ọkọ rẹ̀ ní dókítà. Ọdún kẹjọ lèyí. Kòrónà jẹ níbẹ̀, ìyanṣẹ́lódì jẹ níbẹ̀, èyí tó sì kù, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló jẹ ẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà, torí àwọn ọ̀mọ̀wé ti fi ọdún méjì ṣàlàyé ẹ̀ tí kò yé ẹnì kankan.

Abúlé wọn yẹn ni Hàrúnà ń kọ ìtàn rẹ̀. Pátákó tí ìjọba ìbílẹ̀ rì mọ́ ẹ̀gbẹ́ títì kọ ọ́ ní AGO ERU, láìsí àmì kankan lórí ẹ̀. Àwọn ará ibẹ̀ ń pè é ní Àgọ́-Ẹrù. Wọ́n ní láyé àtijọ́, àwọn tó ń fi orí ru ọjà lọ sí òkè ọya máa ń sọ ẹrù wọn kalẹ̀ síbẹ̀, wọ́n á sinmi, díẹ̀ nínú wọn sì jókòó síbẹ̀ títí lọ. Ìtàn tó dára nìyẹn. Àwọn ará abúlé sì fẹ́ràn rẹ̀.

Ṣùgbọ́n Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéníyì, ẹni tó ń bójú tó iṣẹ́ Hàrúnà, kò gbà. Ó ti kọ ìwé ńlá kan tó sọ pé gbogbo abúlé ojú ọ̀nà yẹn, ẹrú ni wọ́n kó síbẹ̀, pé àwọn olóyè ìlú ló kó wọn lógun, tí wọ́n ní kí wọ́n máa dáko fún àwọn. Ó ní Àgọ́-Ẹrú ni, pé àwọn ọmọ wọn ló rọra rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ nítorí ìtìjú. Dókítà Màríámù, ọmọ Ìlọrin gan-an, tí òun náà wà lára àwọn tó máa dán Hàrúnà wò, ní irọ́ funfun báláú ni. Ó ní ìwé òyìnbó ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéníyì ń kà jù, pé ẹnu àwọn tó ni abúlé ló yẹ ká gbọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní ẹnu a máa tún ìtàn ṣe. Dókítà ní ìwé náà a máa tún un ṣe. Ogún ọdún ni wọ́n ti ń sọ ọ́ lójú ara wọn, nínú ìwé àti nínú ìpàdé, kí Hàrúnà tó wá bọ́ sáàrin wọn.

Hàrúnà lọ bi Bàbá Gàní, bàbá ìyá rẹ̀, tó dàgbà jù ní abúlé náà. Ó fi fóònù gba ohùn rẹ̀, ó kọ ọ́ sínú ìwé, ó gbé e wá fún mi. Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ àpilẹ̀kọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó fi ọ̀rọ̀ àwọn àgbà sílẹ̀ ní Yorùbá bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Ẹ bá rí ìkọ̀wé rẹ̀. Bó bá fi bírò búlúù kọ gbólóhùn kan tán, á gbé bírò pupa, á wá máa fi àmì sórí ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí àwọn àáfà àtijọ́ ṣe ń fi tàdáwà pupa ṣe é sórí kéwú. Ó ní ẹni tó bá fo àmì nílé-kéwú àwọn, pàṣán ló máa jẹ. Mo tẹ gbogbo rẹ̀ tàmì-tàmì, n kò tiẹ̀ ro ìtumọ̀ rẹ̀. Ojú mi fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́.

Nígbà tí wọ́n wá fi ẹ̀rọ ẹ̀ka wọn tẹ̀ ẹ́ jáde, gbogbo lẹ́tà tó ní àmì di àpótí kéékèèké. Ojú ewé kún fún àpótí bí ilé ìfìwéránṣẹ́. Mo bi Hàrúnà bóyá kí n wá irú lẹ́tà mìíràn tí ẹ̀rọ yẹn máa gbà. Ó ní, “Ẹ yọ gbogbo ẹ̀ kúrò, Àǹtí. Àkókò ò sí.” Mo yọ ọ́. Ìṣẹ́jú kan kò pé tí gbogbo rẹ̀ fi lọ. Inú mi tiẹ̀ dùn, torí iṣẹ́ ti fúyẹ́.

Báyìí ni gbólóhùn Bàbá Gàní ṣe dé ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé, lójú ewé kẹtàdínláàádọ́jọ: Eru ni won ko wa sibe.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéníyì kà á, ó fò sókè. Ẹrú ni wọ́n kó wá síbẹ̀! Ó ní ẹnu tí Màríámù ń tẹ̀ lé ti wá sọ ọ́ wàyí. Dókítà Màríámù kà á, òun náà fò sókè. Ẹrù ni wọ́n kó wá síbẹ̀! Ó ní ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Olùkọ́ kẹta kan tí ẹnikẹ́ni kò pè sí i kọ ojú ewé mẹ́wàá láti fi hàn pé ohun tí baba ń sọ ni pé ẹ̀rù ni wọn kò wá síbẹ̀, ìyẹn ni pé ìbẹ̀rù ni kò jẹ́ kí àwọn ará ìlú dé abúlé náà. Èmi ni mo tẹ ojú ewé mẹ́wàá ọ̀hún. Mo ń tẹ̀ ẹ́, mo ń rojọ́ fún Ọlọ́run mi.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ní kí Hàrúnà tún orí kẹrin kọ. Ó tún un kọ. Dókítà ní òun kò ní fọwọ́ sí i bó ṣe wà yẹn. Ó tún un kọ. Ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ni mo tẹ orí kẹrin láàrin ọdún méjì! Nínú sẹmínà, bí wọ́n bá bi í pé ewo gan-an ni baba sọ, á ní fóònù tí òun fi gba ohùn ti já sómi, baba ti kú, òun ò sì lè búra sí bí ohùn rẹ̀ ṣe lọ. Àmì ńkọ́? Á ní atẹ̀wé ló yọ àmì.

Atẹ̀wé! Èmi nìyẹn o. Odidi ẹ̀ka ìmọ̀ ìtàn mọ̀ mí. Dókítà Màríámù bá mi ní ìdí mọ́tò lọ́jọ́ kan, ó ní, “Ẹ̀yin lẹ ba ìtàn abúlé kan jẹ́.” Mo kúnlẹ̀ kí i, mo ní ẹ jọ̀ọ́ mà. Orúkọ mi kò sí níbi tí wọ́n ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn nínú ìwé Hàrúnà, ibi ẹ̀bi nìkan ni wọ́n ti rántí mi.

Ohun tó sì ń yà mí lẹ́nu nìyí: ta ló ń gbàgbé irú nǹkan yẹn? Bí bàbá ìyá mi bá sọ fún mi pé ẹrú ni wá, ṣé màá wá gbàgbé bóyá ẹrú ló ní tàbí ẹrù? Ṣùgbọ́n mo ka Hàrúnà sí ẹni tí ìwé ti dà lórí rú.

Nígbà tó di oṣù Kẹjọ ọdún yìí, lẹ́tà dé. Bí Hàrúnà kò bá tíì dúró níwájú àwọn olùdánwò, kó sì parí gbogbo àtúnṣe, kí oṣù Kẹsàn-án tó parí, wọ́n máa yọ orúkọ rẹ̀ kúrò pátápátá. Ọdún mẹ́jọ á di òfo. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéníyì àti Dókítà Màríámù wá gbà, tipátipá, pé kí wọ́n pe olùdánwò kan láti Ìbàdàn, ìyá àgbàlagbà kan tí àwọn méjèèjì ń bẹ̀rù, kó wá bá wọn dá sí i. Wọ́n mú ọjọ́ Wẹ́sìdeè kan. Hàrúnà bẹ̀ mí kí n bá òun gbé kọ̀mpútà wá, kí n máa ṣí àwòrán sára ògiri fún wọn.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè tó ṣáájú rẹ̀, mo fi ìbínú tú abẹ́ tábìlì mi. Páálí ìwé ìfọwọ́kọ àwọn oníbàárà ló wà níbẹ̀, mo máa ń kó wọn pa mọ́ nítorí ẹjọ́, n kò sì rántí wọn títí di ọjọ́ yẹn. Mo ní tí mo bá rí ojú ewé yẹn, màá gbé e lé Dókítà Màríámù lọ́wọ́, kó rí i bí àmì ṣe wà níbẹ̀ kí wọ́n tó ní kí Ìbídùn yọ ọ́. Mo gbọn eruku, mo sín, mo rí i. Bírò búlúù, àmì pupa. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo jókòó sílẹ̀.

Ẹrú ni wọ́n kó wá síbẹ̀.

Àmì orí u yẹn ń gòkè, ó hàn gbangba. Ó ti fi bírò pupa tẹ̀ ẹ́ tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ lu bébà já.

Hàrúnà wọlé ní nǹkan bí aago mẹ́ta, ó ń nu òógùn ojú, ó ń béèrè bóyá mo ti tẹ ojú ìwé àkọ́kọ́ jáde. Mo gbé bébà náà sí iwájú rẹ̀.

“Àáfà, kí lèyí?”

Ó wò ó. Ó jókòó sórí àga ike tó máa ń jókòó sí.

“Mò ń bi ọ́ ni. Kí lèyí?” Ọdún mẹ́jọ tí mo ti mọ̀ ọ́n, “ẹ” ni mo máa ń pè é. Mi ò mọ ìgbà tí mo bọ́ sí “o”.

“Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra.”

“N kò ní rọra. O ní o ò rántí!”

“Mo rántí.” Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. “Wàláhì, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni baba sọ ọ́ sí mi létí. Ó ní, ‘Hàrúnà, kọ ọ́ bó ṣe jẹ́. Ẹrú ni wọ́n kó wá síbẹ̀. Àwa ni.’ Mo padà wálé, n kò lè jẹun. Nígbà tí àwọn àpótí yẹn wá yọ lójú bébà, tí ẹ ní kí lẹ máa ṣe, mo ní Alíhámúdù lílàhí. Ó dà bíi pé Ọlọ́run ló bá mi pa á rẹ́.”

“Fóònù tó já sómi ńkọ́?”

“Kò já sómi. Èmi ni mo pa ohùn baba rẹ́.”

Ẹ̀rín ń pa mí, inú sì ń bí mi. Ọdún méjì! Mo sọ ohun tó wà nínú mi fún un. Mo ní o fi orúkọ mi bo ara rẹ láṣìírí. Mo ní wọ́n ń nàka sí mi ní ìdí mọ́tò. Mo ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí o kò lè sọ, ìwọ lo fi da gbogbo wa láàmú, o sì ń jókòó síbí mu omi mi. Kò gbèjà ara rẹ̀. Ó kàn ń fi àtàńpàkò rẹ̀ pa àmì pupa yẹn bí ẹni pé ó lè yọ.

“Àǹtí, Màmá mi ṣì ń gbé ibẹ̀,” ló wá sọ. “Àdúgbò wọn ń yangàn pé ọmọ oníṣòwò ni àwọn. Ṣé èmi tí wọ́n rán nílé-ìwé ni kí n wá kọ ọ́ sínú ìwé pé irọ́ ni? Àwọn kan wà nínú ìlú yìí tí kò ní fún ọmọ ẹrú láya títí di òní. Ẹ̀yin náà mọ̀.”

Mo mọ̀. Ìyẹn ló tún wá ká mi lára jù, pé mo mọ̀. Mo ká bébà náà, mo fi í sínú báàgì mi, mo ní kó máa lọ, ó di ọjọ́ Wẹ́sìdeè.

Yàrá tí wọ́n jókòó sí kún. Ẹ̀rọ amúlétutù kan ń ké bí ewúrẹ́, kò sì fẹ́ atẹ́gùn kankan. Mo wà ní igun pẹ̀lú kọ̀mpútà. Hàrúnà wọ kóòtù tó yá, apá rẹ̀ kò dé ọrùn ọwọ́. Wọ́n béèrè ìbéèrè, ó dáhùn. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀, ẹ jẹ́ ká má purọ́. Ìgbà tí wọ́n dé orí kẹrin ni ogun bẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéníyì ń sọ̀rọ̀, Dókítà Màríámù ń sọ̀rọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń fi ìka lu ojú ewé kẹtàdínláàádọ́jọ. Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tó bẹ́ẹ̀ tí mo lè bá wọn sọ ọ́.

Ìyá Ìbàdàn yẹn yọ awò ojú rẹ̀. Ó ní, “Ẹ dákẹ́ ná, ẹ̀yin méjèèjì.” Ó yíjú sí Hàrúnà. Yorùbá ló fi bá a sọ̀rọ̀, lẹ́yìn gbogbo Gẹ̀ẹ́sì ọjọ́ náà. “Ọmọ mi, ka gbólóhùn yẹn sí mi létí.”

Ìgbà yẹn ló tó yé mi pé, ní gbogbo ọdún yìí, Hàrúnà kò kà á síta rí. “Gbólóhùn ojú ewé kẹtàdínláàádọ́jọ” ló máa ń pè é. Bó bá sì ń sọ nípa ìlú wọn, “abúlé wa” ló máa ń wí. Bébà lè gbé ọ̀rọ̀ náà láìsí àmì, ẹnu kò lè ṣe é. Bó bá ti la ẹnu, ó gbọ́dọ̀ mú ọ̀kan.

Ó wò mí. Bébà alámì pupa yẹn wà nínú báàgì lórí itan mi, ó sì mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Mo di ẹnu báàgì mú. Mi ò fẹ́ yọ ọ́ mọ́. Inú ṣì ń bí mi sí i, ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi ló yẹ kí n sọ ọ́.

Hàrúnà gbé ìwé náà sókè, ó tún gbé e kalẹ̀. “Ẹrú ni wọ́n kó wá síbẹ̀,” ló wí. “Bàbá ìyá mi ló sọ ọ́. Àwa ni wọ́n kó wá. Atẹ̀wé kò ṣe nǹkan kan. Èmi ni mo ní kó yọ àmì, nítorí ojú ń tì mí.”

Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéníyì, tó ti ń wá ọ̀rọ̀ yìí láti ogún ọdún, kò lè gbé orí sókè. Dókítà Màríámù ń fi etí ìborùn rẹ̀ nu ojú. Mo ní Ọlọ́run ṣeun, ọ̀rọ̀ yìí ti parí.

Ó parí ibo? Ìṣẹ́jú márùn-ún kò pé tí Dókítà fi ní ẹnu ẹnì kan ṣoṣo kò tó láti fi gbé ìtàn odidi abúlé kalẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní ṣebí ẹnu lo ní ká gbọ́. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Ó kù díẹ̀ kí n ju kọ̀mpútà lù wọ́n! Ìyá Ìbàdàn ló gbá tábìlì, tó ní Hàrúnà ti yege, pé àtúnṣe kan ṣoṣo ló kù: kí wọ́n fi àmì sórí gbogbo ọ̀rọ̀ Yorùbá tó wà nínú àpilẹ̀kọ náà, láti ojú ewé kìíní títí dé òpin, kí oṣù tó parí. Gbogbo wọn sì yíjú wo igun tí mo wà.

Ní ọjọ́ kejì, Hàrúnà jókòó tì mí ní ṣọ́ọ̀bù, ìwé ìfọwọ́kọ wà lórí itan rẹ̀, ó ń pe àmì fún mi. Mo ti kọ́kọ́ ní kó tọrọ àforíjì, ó ti tọrọ rẹ̀, mo ní kó tún un tọrọ. Fóònù rẹ̀ wá dún. Ìyá rẹ̀ ni. Ọwọ́ rẹ̀ kún, ó jẹ́ kí ohùn náà jáde síta.

“Hàrúnà, ṣé wọ́n ti fún ọ ní nǹkan ọ̀hún?”

“Wọ́n ti fún mi, Màmá. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà. Mò ń bọ̀ lọ́la, ọjọ́ Jímọ̀, kí n lè fẹnu ara mi sọ ọ́ fún yín. Ọ̀rọ̀ tí baba sọ fún mi nípa bí abúlé wa ṣe bẹ̀rẹ̀ ni.”

“Pé ẹrú ni wọ́n kó wá síbí?”

Hàrúnà la ẹnu, kò lè pa á dé.

“Ẹ mọ̀, Màmá?”

“Àgbà wo ní Àgọ́-Ẹrú ni kò mọ̀?” Bó ṣe pe orúkọ náà nìyẹn, ketekete, ohùn òkè. “Ẹ̀yin ọmọ la ń pè é ní ẹrù fún, kí ẹnikẹ́ni má baà fi bú yín nílé-ìwé. Baba ní òun ti sọ fún ọ, ó ní òun ti ní kó o kọ ọ́. Mo rò pé ó ti wà nínú ìwé látọjọ́ yìí.”

“Ẹ ò sọ fún mi rí, Màmá.”

“Ṣé o bi mí ni?”

Hàrúnà gbé orí lé tábìlì mi, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n, n kò mọ̀ bóyá ó ń rẹ́rìn-ín ni tàbí ó ń sunkún. Èmi yíjú sí kọ̀mpútà. Mo fi àmì sórí A nínú AGO ERU, mo fi sí abẹ́ O àti orí rẹ̀, mo fi sí abẹ́ E, mo wá fi èyí tó gòkè sórí U. Ojú ewé kìíní nìyẹn. Ó ku ọ̀ọ́dúnrún ó lé mọ́kànlá.